Bí a ṣe ń dá ilé-iṣẹ́ fíìmù sílẹ̀ n'Ìbàdàn kó má baà tètè wó

Ìlú Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1959, nítorí náà iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì níbí. Owó àti ìwé àdéhùn ló sábà máa ń gbé ilé-iṣẹ́ aládàáni ṣubú.

Kọ́kọ́ forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kí o sì ṣí àkáǹtì rẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà, jẹ́ kí òǹkọ̀wé, olùdarí àti òṣèré buwọ́ lu ìwé tó sọ ẹni tó ni eré náà. Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan: ọjọ́ mọ́kànlá la fi ya eré ní Bódìjà, tí jẹnẹrétọ̀ ń mu epo bí ẹni mu omi, ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà dé, ẹni méjì ló ní òun ló ni ín. Eré náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Bí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bá fẹ́ ra eré rẹ, ẹ̀tọ́ láti fi í hàn fún ọdún díẹ̀ ni kí o tà, kì í ṣe títí láé. Má sì fi èrè àkọ́kọ́ ra ọkọ̀ (mo mọ̀ pé ó ń wuni); san gbèsè àwọn òṣìṣẹ́ ná, kí o fi ìyókù pamọ́ fún eré kejì.