Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Ilé Adìyẹ Ẹ̀yìnkùlé Tura, Kí Ó sì Mọ́ Tó

Ẹni tí ó bá fẹ́ sin adìyẹ mẹ́wàá tàbí méjìlá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò nílò ilé ńlá, kò sì nílò ilé tí ń dán. Ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí ejò àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò lè wọ̀ lóru, ni adìyẹ ń fẹ́. Mo fi gbígbẹ ṣáájú nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kí ilé adìyẹ tó lè mọ́, àfi kí a máa da omi sí i láràárọ̀. Omi yẹn gan-an ni ó ń fa ìṣòro. Kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lára ọmọ adìyẹ kì í lè ran adìyẹ mìíràn àfi tí ìgbẹ́ tí ó bá jáde bá rí ọ̀rinrin àti ooru. Ìgbẹ́ tútù náà ni ó ń mú òórùn kíkan tí ń ta imú jáde, òórùn yìí a sì ti máa ba ojú àti ọ̀nà ọ̀fun adìyẹ jẹ́ kí aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn.

Nítorí náà, ibi tí a bá kọ́ ilé náà sí ni ìmọ́tótó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ibi tí ó ga díẹ̀, tí àgbàrá òjò kì í dúró sí, tí ó sì jìnnà sí kànga. Bí agbára bá ká a, ẹ fi sìmẹ́ǹtì ṣe ilẹ̀ rẹ̀, kí ó fi nǹkan bí íǹṣì 6 ga ju ilẹ̀ àgbàlá lọ. Kí ìhà gígùn ilé náà kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà máa wọlé tààrà. Búlọ́ọ̀kù ìpele mẹ́ta ti tó fún ògiri. Láti ibẹ̀ dé òrùlé, nẹ́ẹ̀tì oníwáyà tí ojú rẹ̀ kò ju ààbọ̀ íǹṣì lọ ni kí ẹ lò, nítorí pé ejò kékeré ń gba ojú èyí tí ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ wọlé. Kí etí páànù yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ọ̀wààrà òjò má baà rí ọ̀nà dé orí ibùsùn wọn.

Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ìkìlọ̀ gidi ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ń sin adìyẹ ní ìgbà ẹ̀rùn, nítorí pé, bí adìyẹ kì í tilẹ̀ẹ́ làágùn ní ti gidi, ẹnu ni ó fi ń mí ooru ara rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá rí wọn lọ́sàn-án tí wọ́n lanu, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí wọ́n sì na ìyẹ́ apá kúrò lára, ilé náà ti gbóná jù. Ẹ tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ sórí páànù, kí ẹ sì fi omi tútù sí iwájú wọn. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ lè fi àpò ta ìhà tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá lóru, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dí gbogbo ojú nẹ́ẹ̀tì pa láé.

Ní ti àyè, ẹsẹ̀ bàtà 4 onígun mẹ́rin (ìyẹn 2 níbùú, 2 lóòró) ni kí ẹ kà fún adìyẹ kọ̀ọ̀kan. Yàrá tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5, gba mẹ́wàá. Bí wọ́n bá há mọ́ra jù, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣá ara wọn jẹ. Igi tí wọn yóò bà lé sùn kò gbọdọ̀ ní etí mímú, kí ó má baà dá egbò sí wọn lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìtẹ́ kan tó fún àgbébọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, níbi tí ó ṣókùnkùn díẹ̀.

Èérún pákó ni mo fẹ́ràn jù láti tẹ́ sílẹ̀, irú èyí tí àwọn káfíńtà ń fá sílẹ̀, nítorí pé èyí tí ó kúnná bí ìyẹ̀fun a máa kó sí wọn nímú. Kí ó nípọn tó íǹṣì 3 sí 4. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ fi ọkọ́ tàbí réèkì dà á rú, kí ìgbẹ́ lè gbẹ mọ́ inú rẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un: bí ó bá ṣù pọ̀ tí kò tú, ó ti tutù jù, bí ó bá ṣù díẹ̀ tí ó sì tú padà, ó dára, bí ó bá jẹ́ kìkì eruku, ó ti gbẹ jù, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ lóṣòó títí imú yín yóò fi wà ní déédéé ibi tí orí adìyẹ wà, kí ẹ sì mí. Ènìyàn tí ó dúró lóòró lè má gbọ́ òórùn kankan, nígbà tí ojú adìyẹ ń ṣomi nísàlẹ̀. Ẹ kó ibi tí ó bá tutù jáde lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ fi tuntun dípò rẹ̀. Ẹ̀bá ibi tí omi mímu wà ni ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ gbé ìkòkò omi wọn sórí búlọ́ọ̀kù, kí ẹnu rẹ̀ bá ẹ̀yìn adìyẹ dọ́gba. Ẹ máa fi kànìnkànìn fọ ìkòkò náà láràárọ̀. Oúnjẹ tí ó bá ti bu, ẹ má ṣe fún wọn, nítorí májèlé inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́.

Fún iná ara wọn, ẹ da eérú mọ́ iyanrìn gbígbẹ sínú agbada kan, àwọn fúnra wọn ni yóò máa yíra níbẹ̀. Kòkòrò pupa kan tún wà tí ń sá pamọ́ sínú lílà igi lọ́sàn-án, tí ó ń jáde mu ẹ̀jẹ̀ wọn lóru; tọ́ọ̀ṣì ni ẹ ó fi wá a. Ẹ máa ro koríko yíká ilé náà, pàápàá ní ìgbà òjò. Bí ìjàlọ bá ya wọ ilé adìyẹ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, wọ́n lè pa gbogbo wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ bá gbọ́ igbe wọn lóru, ẹ kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ná.

Ìmọ́tótó kò dípò àjẹsára lùkúlùkú, àrùn tí ń pa adìyẹ. Ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ dókítà ẹranko. Adìyẹ tuntun gbọ́dọ̀ dá wà fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ẹ ya bàtà kan sọ́tọ̀ fún ilé náà, nítorí pé bàtà àlejò tí ó ti ọjà adìyẹ bọ̀ lè gbé àrùn wá, títí kan fúlù ẹyẹ tí ó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2006.

Ìgbà tí ẹ bá ti tà wọ́n tán ni ó yẹ kí ẹ fi omi ọṣẹ fọ ilé náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lófìfo fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó gbẹ. Ẹ kó èérún tí ó jáde jọ sí igun ọgbà fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó dà á sídìí ewédú, nítorí èyí tí kò tíì jẹrà yóò jó ewébẹ̀. Kí tọmọdé tàgbà fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ yìí àti lẹ́yìn kíkó ẹyin, torí kòkòrò tí ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru lára ènìyàn lè wà nínú ìgbẹ́ adìyẹ tí ara rẹ̀ le koko.