Bí a ṣe ń yan plọ́ọ̀gì ọkọ̀, tí a sì ń pààrọ̀ rẹ̀

Plọ́ọ̀gì ni ohun kékeré tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Èyí tó ti gbó kì í ṣàdédé kú. Ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ọkọ̀ bá dúró, kò ní tètè jí láàárọ̀, epo á máa tán kíákíá, bí ẹ bá sì tẹ iná mọ́ ọn níbi òkè, á máa fà tìkọ̀.

Nọ́ńbà ara plọ́ọ̀gì tí ìwé ìtọ́nisọ́nà ọkọ̀ dárúkọ ni kí ẹ fi ra òmíràn, ẹ má fi ojú wò ó. Méjì lè jọra bí ìbejì kí tírẹ́ẹ̀dì ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, èyí tó gùn jù sì lè máa kan orí pístìnì. Ìwọ̀n ooru, ìyẹn bí plọ́ọ̀gì ṣe ń mú ooru kúrò lẹ́nu rẹ̀ sí, náà wà nínú nọ́ńbà yìí. Ní ti ilé iṣẹ́ NGK, bí nọ́ńbà ooru bá ṣe ga sí ni plọ́ọ̀gì ṣe tutù sí. Ti Bosch yàtọ̀ pátápátá, bó bá ṣe ga sí ló ṣe gbóná sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Èyí tó gbóná jù á mú epo gbiná kí àkókò rẹ̀ tó tó. Èyí tó tutù jù á kún fún èédú.

Plọ́ọ̀gì tí irin ẹnu rẹ̀ jẹ́ ti kọ́pà máa ń lo nǹkan bíi kìlómítà 30,000 sí 50,000. Ti platinum àti iridium lè dé 100,000. Bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ ti iridium, ẹ má fi kọ́pà rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Bí ẹ bá tú plọ́ọ̀gì nínú ooru, tírẹ́ẹ̀dì orí ẹ́ńjìnnì lè bá a jáde, àtúnṣe ìyẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù. Ẹ máa ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan kí wáyà má bàa dàrú. Ẹ tú bóòtù kọ́ìlì, ìyẹn ohun tó wà lórí plọ́ọ̀gì tó ń fún un ní iná, sọ́kẹ́ẹ̀tì mílímítà 10 ló sábà máa ń jẹ́, ẹ yí kọ́ìlì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ tó fà á sókè. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò náà kí ẹ tó tú plọ́ọ̀gì. Yanrìn tó bá bọ́ sínú sílíńdà á ha ara rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì plọ́ọ̀gì sábà máa ń jẹ́ 14, 16 tàbí 21.

Ẹ wo ẹnu èyí tí ẹ yọ. Àwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú: ó dára. Èédú gbígbẹ: epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ wo fílítà afẹ́fẹ́. Epo ẹ́ńjìnnì lẹ́nu rẹ̀: ríìngì pístìnì tàbí sílì fáàfù ti jẹ. Ó funfun, ó sì lé ròrò: ó ti gbóná jù. Bí ẹ kò bá tún ohun tó fà á ṣe, plọ́ọ̀gì tuntun á dà bíi ti àtijọ́ láìpẹ́.

Àlàfo ẹnu plọ́ọ̀gì tuntun sábà máa ń wà láàárín mílímítà 0.7 sí 1.1, èyí tí ìwé ọkọ̀ bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má ṣe fi irin ti ẹnu iridium, tín-ín-rín ni, ó ń kán. Èyí tó bá já bọ́ lulẹ̀, ẹ má lò ó, tánganran inú rẹ̀ lè ti sán láìhàn síta.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dè é. Ẹ ki orí rẹ̀ bọ inú páìpù rọ́bà kékeré, ẹ máa yí i: bí tírẹ́ẹ̀dì bá wọ̀ lódì, rọ́bà á yọ̀ kí tírẹ́ẹ̀dì tó bàjẹ́. Nígbà tó bá dúró, tó bá ní wáṣà tuntun, ẹ fi spánà yí i ní ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta yípo. Èyí tí kò ní wáṣà, tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún yípo ti tó. Ẹ má fi gírísì sí tírẹ́ẹ̀dì, nítorí á jẹ́ kí ẹ dè é ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń gbọ̀n lẹ́yìn èyí, ẹ gbé kọ́ìlì sílíńdà tó ní wàhálà lọ sórí òmíràn. Bí wàhálà bá tẹ̀ lé e, kọ́ìlì ló bàjẹ́.