Bí a ṣe ń dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ tí kò fi ní kú láàárín oṣù mẹ́ta

Télọ̀ ni mí ní Mọ́kọ́lá, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń bójú tó gúrúùpù àwa télọ̀ Ìbàdàn lórí WhatsApp. Irú rẹ̀ bíi mẹ́jọ ni wọ́n ti dá sílẹ̀ lójú mi tó sì ti kú. Ikú wọn jọra: wọ́n kó èrò jọ lọ́jọ́ kan, ariwo sọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ó wá ku àdúrà àárọ̀ àti ìpolówó ọṣẹ dúdú. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń mọ èyí tó wà láàyè. Bí ẹnìkan bá béèrè ọ̀rọ̀ láàárọ̀, ṣé ẹlòmíràn tí kì í ṣe ádímìn, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó gúrúùpù, á ti dá a lóhùn kí ilẹ̀ tó ṣú?

Ẹ kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan. "Ìlọsíwájú àwọn obìnrin Ìbàdàn" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan, torí kò sẹ́ni tó ń jí láàárọ̀ tó ní ìbéèrè nípa ìyẹn. Tiwa ni aṣọ rírán: ta ló ní láínìn tó dáa ní Gbági lónìí, èló ni wọ́n ń tà á, ta ló lè wá tún máṣíìnì ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, kí la máa sọ fún oníbàárà tó gbé aṣọ ẹbí wá ní Ọjọ́bọ̀ tó sì fẹ́ lò ó ní Sátidé. Bó bá jẹ́ àdúgbò yín ní Apẹ́tẹ́ tàbí Akọ̀bọ̀ lẹ fẹ́ dá a fún, ẹ mú iná, omi àti ààbò, kí ẹ dúró síbẹ̀.

WhatsApp ń gba èèyàn 1,024 nínú gúrúùpù kan, Telegram ń gba 200,000. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn wọ̀ yín lójú. Telegram dáa, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè ka ohun tí wọ́n ti sọ kó tó dé, ó sì lè fi nọ́ńbà rẹ̀ pa mọ́. Àmọ́ àwọn ìyá tó ti ń rán bùbá kí wọ́n tó bí mi, WhatsApp ni wọ́n mọ̀ ọ́n lò, ọwọ́ wọn sì ni ìmọ̀ wà, torí náà ibẹ̀ ni mo bá wọn lọ. Ẹ ra símù mìíràn fún iṣẹ́ yìí, kí ẹ fi sínú fóònù àlòkù, kò nílò olówó ńlá. Ẹ lọ sínú sẹ́tìn WhatsApp rẹ̀ kí ẹ pa ibi tí àwòrán àti fídíò ti ń wọlé fúnra wọn. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí oṣù tó parí, fóònù á ti kún, dátà á sì ti tán.

Èèyàn méjìlá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi wọ́n síbẹ̀. Ẹ wá mẹ́rin tó mọ iṣẹ́ tó sì fẹ́ràn àtisọ̀rọ̀, kí àwọn tó kù jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù tàbí tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, torí àwọn ló ní ìbéèrè. Kò gbọdọ̀ sí líǹkì téèyàn lè tẹ̀ kó fi wọlé fúnra rẹ̀ fún oṣù àkọ́kọ́. Bí ẹ bá wá gbé líǹkì jáde, ẹ tan ibi tó ní kí ádímìn fọwọ́ sí ẹni tó fẹ́ wọlé. Èmi ń pe gbogbo wọn. Ìbéèrè méjì ni mo ń bi wọ́n: níbo lẹ ti ń ránṣọ, ta sì ni ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́? Ẹni tí kò bá lè dárúkọ ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe télọ̀, nọ́ńbà àwọn obìnrin inú gúrúùpù ló ń wá.

Ẹ ra ìwé olójú-ewé ogójì, èyí táwọn ọmọ iléèwé ń lò. Gbogbo ìbéèrè tó bá wọlé, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó dáhùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí ìbéèrè kan ṣì dá dúró, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ní ìkọ̀kọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi dá ọmọ yẹn lóhùn." Ẹ má fi ẹnu ara yín dáhùn, kódà bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ádímìn tó ń dáhùn gbogbo nǹkan á sọ gúrúùpù di kíláàsì, àwọn tó kù á sì dákẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ rèé, torí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́: bí a ṣe ń bá àgbà wí. Òfin ò ṣòroó kọ. Kò sí fídíò òṣèlú, kò sí àdúrà tí wọ́n gbé láti ibòmíràn, kò sí ọjà títà àfi ní Sátidé. Àmọ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ rú u kò ní jẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ìyá ẹni ọdún 65 tí gbogbo yín ń kúnlẹ̀ kí ni yóò fi fídíò àdúrà ìṣẹ́jú méje ránṣẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀.

Láti ọdún 2022 ni ádímìn ti lè pa ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá pa á rẹ́, WhatsApp á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ádímìn ló pa á rẹ́, pẹ̀lú orúkọ yín, gbogbo èèyàn á sì rí i. Lójú àgbà, ẹ ti já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọjà nìyẹn. Mo ṣe é lọ́dún kejì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ìyá náà ti jáde, èèyàn mọ́kàndínlógún sì ti tẹ̀ lé e. Méje péré ló padà wá. Ìyá yẹn ò padà mọ́, bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wa, òun ló mọ bí a ṣe ń gé agbádá aṣọ òkè láìfi aṣọ ṣòfò. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Àgbà tó bá rú òfin, pípè ni kí ẹ pè é. Ẹ má kọ̀wé sí i, ẹ má sì ká ohùn ránṣẹ́ sí i. Ojú lọ̀rọ̀ wà, fóònù ò sì lójú, ohùn ló kù fún yín. Ẹ kí i, ẹ béèrè àwọn ọmọ, ẹ béèrè iṣẹ́, ẹ má sì dárúkọ òfin rárá. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ rèé: "Ìyá wa, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà o. Mo rí àdúrà yín, mo sì ti ṣe àmín. Dátà àwọn ọmọ kéékèèké inú wa ni kò gbé fídíò. Ẹ bá mi yọ ọ́, kí ẹ wá fi ohùn ara yín gbàdúrà fún wa ní Sátidé." Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ju ọjọ́ méjì lọ láti pa á rẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí fún ìkánjú.

Ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀ o. Ẹ fi ẹnu tọ́ ọ sọ́nà kó fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, kó sì yan èyí tó máa pa á rẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn. Bó bá yan èyí tó máa pa á rẹ́ lọ́dọ̀ òun nìkan, òun ò ní rí i mọ́, á rò pé ó ti lọ, àwa yòókù á ṣì máa wò ó, kò sì ní lè tún un ṣe mọ́. Bí ẹ bá pè é lẹ́ẹ̀mejì tí kò gbọ́, ẹ wá ẹni tó ń pè é ní àbúrò. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ gbé búrẹ́dì lọ sílé rẹ̀. Ẹ má yọ ẹnikẹ́ni kúrò lọ́jọ́ tí inú ń bí yín.

Irú ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo ń pa rẹ́ kí n tó pe olúwa rẹ̀: ìlérí owó tó máa di ìlọ́po méjì, àti ìròyìn tó lè kó èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Alẹ́ January 16, 2024, nígbà tí nǹkan bú gbàmù ní Bódìjà, ẹnìkan ní táńkà epo ni, ẹlòmíràn ní òmíràn ṣì ń bọ̀. Mo ti gúrúùpù pa kó jẹ́ pé ádímìn nìkan ló lè kọ̀wé. Lẹ́yìn ìyẹn ni Gómìnà Mákindé sọ pé ohun abúgbàmù táwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ kó pa mọ́ sínú ilé ni. Látìgbà náà, ẹni tó bá mú ìròyìn wá gbọ́dọ̀ kọ "ojú mi ló rí i" tàbí "mo gbọ́ ni" ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ máa ti gúrúùpù ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ẹ ṣí i ní mẹ́fà àárọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ kó ara yín jọ lójúkojú. Ọgbà Agodi la máa ń lò, olúkálukú á sì gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání.

Ẹ yan ádímìn kejì kó tó di pé ẹ nílò rẹ̀. Bí ádímìn kan ṣoṣo tó wà bá jáde, WhatsApp á kàn fi ẹnìkan nínú yín rọ́pò ni, ó sì lè jẹ́ ẹni tó wọlé lánàá. Nígbà tí fóònù mi bọ́ sọ́nù nínú takisí Micra ní Ìwó Road, ádímìn kejì mi ló sọ fún gbogbo èèyàn kí wọ́n má fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó bá fi orúkọ mi béèrè. Ó mọ ibi tí ìwé ìbéèrè yẹn wà pẹ̀lú: abẹ́ tábìlì tí mo ti ń géṣọ, lápá ọ̀tún.