Bí Mo Ṣe Fi Aago Oúnjẹ Ṣètò Ìrìn Òkè Tiantai

Ètò àkọ́kọ́ tí mo kọ sínú ìwé ni pé kí n dé òkè Tiantai ní Ṣáínà láàárọ̀, kí n gun òkè títí ọ̀sán, kí n sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun ní tẹ́ńpìlì Guoqing ní agogo kan, kí n sì padà sí Hangzhou kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo fi han ọmọ Ṣáínà kan tá a jọ wà ní kíláàsì. Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Agogo kan kẹ̀? Wọn á ti fọ abọ́ tán."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé àwọn mọ́ńkì kì í fi oúnjẹ ọ̀sán falẹ̀. Òfin àtijọ́ ẹ̀sìn Búdà ni pé kí wọ́n jẹun kí oòrùn tó kọjá àtàrí, nítorí náà ní ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì Ṣáínà, oúnjẹ ọ̀sán ti máa ń délẹ̀ ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá. Bí wọ́n bá fi nǹkan panu nírọ̀lẹ́, wọn kì í pè é ní oúnjẹ. Oògùn ni wọ́n ń pè é. Mo fa ìwé yẹn ya, mo sì tún ètò náà ṣe láti ìdí oúnjẹ wá: kí n kọ́kọ́ jẹun, kí n tó gun òkè.

Kí ló dé tí mo mú Tiantai? Ìpínlẹ̀ Zhejiang tí mo ń gbé ló wà, kò sì ní èrò bíi àwọn òkè tí gbogbo ayé mọ̀. Ṣóńṣó rẹ̀ tó ga jù, Huading, jẹ́ mítà 1,098. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà tó lágbára jù ní Ṣáínà ti fìdí múlẹ̀, òkè náà ló sì fún ẹ̀ka yẹn lórúkọ. Mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Zhiyi gun òkè yìí ní ọdún 575, ó sì gbé ibẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ó wu ú kí wọ́n kọ́ tẹ́ńpìlì ńlá kan sí ẹsẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n kò fojú ara rẹ̀ rí i. Ó kú ní 597, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 598. Guoqing nìyẹn. Orúkọ náà wá láti inú ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ní wọ́n ti sọ fún Zhiyi tẹ́lẹ̀: bí tẹ́ńpìlì bá kọ́ parí, ìlú á tòrò. Ní 804, mọ́ńkì Saicho wá láti Jàpáánì wá kẹ́kọ̀ọ́ lórí òkè yìí, ó sì gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sílé. Tendai tí àwọn ará Jàpáánì ń pè títí dòní, Tiantai ni.

Ọjọ́ tí màá lọ ló gba ìrònú jù. Ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹwàá, torí gbogbo Ṣáínà ló ń rìnrìn àjò nígbà yẹn. Oṣù Kẹfà, òjò ni. Láti oṣù Keje dé oṣù Kẹsàn-án, ìjì líle ń ti orí òkun wá. Ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún náà kò dára fún irú mi, nítorí ọjọ́ yẹn ni Xu Xiake, arìnrìn-àjò pàtàkì kan, bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ ìrìn rẹ̀ ní 1613 nígbà tó ń lọ sí Tiantai gan-an, ìjọba sì ti sọ ọ́ di ọjọ́ ìrìn-àjò afẹ́ fún orílẹ̀-èdè náà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, mo tún ní láti wo kàlẹ́ńdà òṣùpá. Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù òṣùpá ni àwọn èèyàn ń rọ́ wá jó tùràrí ní tẹ́ńpìlì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù Kọkànlá ni mo mú, tí òṣùpá kò sí ní tuntun, tí kò sì yọ kún.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe ìṣòro. Láti oṣù Kìíní 2022 ni ọ̀nà rélùwéè ayára-bí-àṣá láti Hangzhou sí Taizhou ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń dúró ní ibùdókọ̀ Tiantaishan. Ní nǹkan bí wákàtí kan, o ti débẹ̀. Orúkọ mi ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ìwé ìrìnnà ni àjèjì fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, orúkọ orí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé náà mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Èmi tí mo ní orúkọ mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn bí ọ̀nà Ṣakí, mo fo ọ̀kan. Ẹ̀bi ara mi ni. Mo fagi lé e, mo tún un rà lọ́jọ́ kejì.

Ti máàpù ńkọ́? Google Maps kì í ṣí ní Ṣáínà bí èèyàn kò bá lo VPN, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí fóònù ṣí ìkànnì tí wọ́n dí. Bó bá tilẹ̀ ṣí, òpópónà àti àwòrán sátẹ́láìtì kì í bá ara wọn mu níbẹ̀, torí ìlànà tí ìjọba Ṣáínà fi ń sàmì sí ilẹ̀ máa ń sún ibi gbogbo kúrò ní àyè rẹ̀ díẹ̀. Amap, tí wọ́n ń pè ní Gaode, ni mo lò. Mo kọ orúkọ ibi mẹ́ta sínú fóònù lédè Ṣáínà kí n lè fi han ẹnikẹ́ni: 国清寺 ni Guoqing, 智者塔院 ni ibi tí wọ́n tẹ́ Zhiyi sí, 高明寺 ni tẹ́ńpìlì Gaoming. Mo ya àwòrán ojú fóònù pẹ̀lú, nítorí inú igbó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń sá. Mo kọ 110 ti ọlọ́pàá àti 120 ti ọkọ̀ aláìsàn sórí bébà, mo fi sápò.

Báàgì mi kò wúwo. Fúláàsì omi gbígbóná, búrẹ́dì, ẹ̀wù òjò, iná tọ́ọ̀ṣì, páwà báǹkì, owó díẹ̀ lọ́wọ́ bí fóònù bá kú. Màmá mi pè mí lálẹ́ tó ṣáájú.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ lọ forí balẹ̀ fún ère níbẹ̀?"

"Rárá o, Mọ́mì. Òkè ni mo fẹ́ gùn. Ẹ má bínú, ẹ máa gbàdúrà fún mi."

"Màá gbàdúrà. Ṣáà má jẹ ohun tí wọ́n bá fi rúbọ."

Mo ní mo ti gbọ́.

Agogo mẹ́sàn-án kò tíì lù tí mo fi dé ìwájú Guoqing. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni afárá òkúta kan, Fenggan, àti ògiri aláwọ̀ ìyeyè lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò rí ẹnu ọ̀nà. Àṣé ó fi ẹ̀gbẹ́ sí ọ̀nà ni, ìlà-oòrùn ló kọjú sí, àfi kí o yà kí o tó bá a. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá ni òkúta kan wà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí pé Yixing dé ibí, omi sì ṣàn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Yixing jẹ́ mọ́ńkì onímọ̀ ìràwọ̀ láyé ìjọba Tang, tó gbé ayé láti 683 sí 727. Wọ́n ní ó rin ọ̀nà jíjìn wá wá olùkọ́ ìṣirò níbí. Olùkọ́ náà wà nínú ilé tó ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń bọ̀ lónìí, bí omi iwájú ilé bá yí padà, ó ti dé nìyẹn. Yixing wọlé, omi sì yí padà. Odò méjì ló pàdé níbẹ̀ lóòótọ́, bí òjò bá sì rọ̀ púpọ̀ lórí òkè kan, ọ̀kan lè ti èkejì sẹ́yìn. Mo dúró wò ó títí. Lọ́jọ́ tí èmi dé, ibi tó ń ṣàn sí náà ló ń ṣàn sí.

Wọn kì í gba owó ìwọlé ní Guoqing. Mo rìn yíká láìkánjú. Ọ̀pọ̀ ilé tó dúró báyìí jẹ́ ti àtúnkọ́ 1734. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní pákó gíga tó dábùú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Rékọjá rẹ̀, má tẹ̀ ẹ́. Mi ò ya fọ́tò nínú gbọ̀ngàn.

Kí agogo mọ́kànlá tó lù, mo ti jókòó síwájú abọ́ méjì. Ìrẹsì, kábéèjì, olú, àti tófù, ìyẹn wàrà tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe. Kò sí ẹran, kò sí ẹyin, ìyẹn ni mo retí. Èyí tí mi ò retí ni pé kò sí àlùbọ́sà, kò sí aáyù. Èèwọ̀ ni wọ́n nínú tẹ́ńpìlì, torí wọ́n gbà pé wọ́n ń ru ara sókè. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀rù ni kí n má lè jẹ ẹ́ tán, nítorí kíkó oúnjẹ dànù níbẹ̀ jẹ́ ìtìjú. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo fọ abọ́ mi.

Ọ̀nà àtẹ̀gùn òkúta ló gba Jindi Ling, ìyẹn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan, lọ sókè. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo kọ sínú ètò, mo sì lo wákàtí méjì. Àtẹ̀gùn àtijọ́ kò dọ́gba, ọ̀kan ga, èkejì kúrú, ewé ọparun tó tutù sì bò wọ́n. Ní oríta kan, fóònù mi ní kí n yà sọ́tùn-ún. Mo yà, ọ̀nà sì parí sínú oko tíì. Obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo kí i ní "àyí," bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tó dàgbà juni lọ, mo fi àwọn lẹ́tà 智者塔院 hàn án. Kò tilẹ̀ wo fóònù náà tán tó fi di ọwọ́ mi mú, tó sì mú mi padà sí oríta.

Ilé ìsìnkú Zhiyi kò tóbi. Ilé gogoro òkúta wà nínú gbọ̀ngàn kan, tùràrí díẹ̀ ń rú èéfín, ológbò kan sùn sí ẹnu ọ̀nà. Yàtọ̀ sí mọ́ńkì kan tó ń gbálẹ̀, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Ibí gan-an ni mo torí ẹ̀ ka oṣù òṣùpá. Mo jókòó títí ara mi fi tutù, mo mu omi gbígbóná, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Gaoming nínú àfonífojì. Wọ́n ní nígbà tí Zhiyi ń kọ́ni lórí òkè, atẹ́gùn gbé ìwé mímọ́ tó ń kà, ibi tó já sí ni wọ́n kọ́ Gaoming sí.

Òfin tí mo fún ara mi ni pé agogo mẹ́ta ààbọ̀, kí n ti kọ ẹ̀yìn sí òkè, torí ilẹ̀ ń ṣú ní nǹkan bí agogo márùn-ún nínú oṣù yẹn. Mo pa òfin mọ́. Ohun tí mi ò ṣètò ni pé kò sí takisí kankan tó máa gbà láti gun òkè wá gbé èèyàn kan. Mo ń tẹ fóònù, ó ń yí bìrípé bìrípé. Níkẹyìn, ọkùnrin kan tó wá já àpò ìrẹsì fún tẹ́ńpìlì ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ fún mi. Àárín àpò kábéèjì méjì ni mo jókòó sí títí dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ bá takisí tó gbé yín dé láàárọ̀ ṣàdéhùn, kó padà wá gbé yín.

Màmá mi tún pè nígbà tí mo wà nínú ọkọ̀ ojú irin.

"Ṣé wọ́n fún ọ lóúnjẹ?"

"Ẹ ṣé, mo jẹun. Oúnjẹ wọn lásán ni, wọn ò fi rúbọ. Ìrẹsì àti olú."

"Ata ńkọ́?"

"Kò sí ata, Mọ́mì. Àlùbọ́sà gan-an kò sí níbẹ̀."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Irú oúnjẹ yẹn lo wá jẹ tó o fi gun òkè?"