Ọwọ́ Tó Rọ Tó sì Tún Le Padà: Ẹ Lọ Ṣe Sikáànì Ọrùn

A ò ní kọ́ yín nípa ẹ̀jẹ̀ ríru níbí, ẹ ti gbọ́ ìyẹn títí ó ti sú yín. Nǹkan kan ṣoṣo la fẹ́ sọ, torí òun ló gba bàbá kan lọ́wọ́ wa nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nígbà ìkórè kòkó tó kọjá. Àdá jábọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, ẹnu wọn wọ́, ọ̀rọ̀ ò jáde, kí ọ̀kadà tó gbé wọn délé gbogbo ẹ̀ ti lọ, wọ́n jẹ àmàlà, wọ́n ní àárẹ̀ lásán ni. Ọjọ́ kẹta ni rọpárọsẹ̀ gidi dé.

"Ó ti lọ." Ọ̀rọ̀ yìí là ń gbọ́ ṣáá! Kò tíì lọ o. Tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá rọ lápá kan, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, tàbí tí ojú kan ṣókùnkùn bíi pé wọ́n ta kọ́tìnì bò ó, bó tiẹ̀ ṣe ìṣẹ́jú 10 péré, ọsibítù lẹ ń lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn ọjà. Wákàtí 48 àkọ́kọ́ ló léwu jù. Tí kò bá sì tíì lọ, ẹ sáré, kẹ́ ẹ sì rántí aago tó bẹ̀rẹ̀, torí wọn kì í sábà fúnni ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì mọ́ tó bá ti ju wákàtí 4 àti ààbọ̀ lọ. Ẹ má fi àdín ra ọrùn, ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má fúnra yín fún un ní aspirin.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bi dókítà nípa sikáànì Doppler ọrùn, èyí tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré, lápá méjèèjì. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n ń gbẹ́jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, ibi tí wọ́n ti pín sí méjì nísàlẹ̀ àgbọ̀n ni ọ̀rá ti máa ń lẹ̀ mọ́ wọn. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo aboyún náà ni. Wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì tútù pa yín lọ́rùn, bí ìṣẹ́jú 30 ó ti tán, kò sí abẹ́rẹ́, ẹ ò ní febi panú. Ẹ wọ aṣọ tọ́rùn ẹ̀ fẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi họ́ọ̀sì bomi rin ọmọ kòkó, tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ ẹnu ẹ̀, ṣebí ńṣe lomi á túbọ̀ máa ta? Bẹ́ẹ̀ lẹ̀jẹ̀ ń ṣe níbi tó ti há. Tí eré ẹ̀jẹ̀ náà bá tó sẹ̀ntímítà 125 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sábà máa ń kà á sí pé ọ̀nà ti há tó ìdá 50 nínú 100. Tó bá kọjá 230, ó ti tó ìdá 70. Ẹni tó ti rí àmì tí ọ̀nà tiẹ̀ sì ti há tó ìdá 50, tí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ ló kàn, kó má ju ọjọ́ 14 lọ lẹ́yìn àmì náà.

Ẹni tí ò rí àmì kankan, kó má torí ìpolówó ná owó kòkó ẹ̀ sí i, àfi tí dókítà bá ní kó ṣe é. Kì í sì í ṣe gbogbo rọpárọsẹ̀ ló ń tọrùn wá, nítorí náà tí sikáànì bá mọ́, ẹ ṣì máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín lójoojúmọ́. Ẹ má ki ìwé èsì bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kó o pọ̀ mọ́ gbogbo oògùn yín sínú náílọ̀nù kan, kẹ́ ẹ gbé e tọ dókítà lọ lọ́sẹ̀ yẹn náà.