Orin ọ̀rọ̀-ìṣe tó gbowó lọ́wọ́ mi

Oṣooṣù ni mo ń ka 10,000 sẹ́fà sọ́wọ́ olùkọ́ tó ń wá kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nílé wa ní Kétu, torí BEPC, ìdánwò ìparí ìpele kìíní ilé-ìwé girama ní Benin. Kí ló kọ́ ọ? Ìwé ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan, láti A dé W, ó ní kó há a sórí. Ọmọ há a. Arise, arose, arisen. Ohùn rẹ̀ a máa ró dé ojúde, ìyá mi a sì máa kì í. Ìgbà tí èsì kíláàsì dé, 6 nínú 20.

Mo ní, "Kí ni speak ń dà bó bá jẹ́ ti àná?" Ó dákẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Mo sún mọ́ ọn, àṣé láti orí arise ló tún ti bẹ̀rẹ̀! Mo pe olùkọ́. Ó ní, "Ọmọ mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó kà á fún yín." Ẹ gbọ́ o.

Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ. Ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, dán irú rẹ̀ wò lára ara rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1885. Ó há ègé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sórí, 16 ní ìlà kan. Bó bá tún un kọ́ lọ́jọ́ kejì bó ṣe tò ó, àkókò tó jèrè tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Bó bá ń fo ẹyọ kan kan, èrè náà já sí nǹkan bí 11 nínú 100. Bó bá da gbogbo rẹ̀ rú, èrè fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ti gbowó oṣù ní tirẹ̀.

Mo dá a dúró. Mo gé páálí wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ kan lójú ọ̀kan, mo ń dà wọ́n rú. Ìyẹn ò le. Orin yẹn ló le! Bí mo bá na páálí sí i, ojú rẹ̀ a lọ sókè àjà, ìka rẹ̀ a máa lu tábìlì: bear, beat, become... Mo bínú, mo rẹ́rìn-ín, mo tún bínú. Ohun tó gbà mí ni àtẹ́wọ́: kó dáhùn kí ọwọ́ mi tó pàdé, kó sì fi ọ̀rọ̀ náà sọ̀rọ̀ ọjà wa, "My grandmother sold maize." Orin ò ráyè mọ́.

Nínú ọ̀rọ̀ téèyàn kọ́ tẹ̀léra, èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀ àti níparí máa ń dúró, àárín ló máa ń ṣófo. Tìparí pàápàá ń tanni jẹ. Ní 1966, àwọn olùṣèwádìí méjì, Glanzer àti Cunitz, fún àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀ tó tò tẹ̀léra, wọ́n sì ní kí wọ́n ka nọ́ńbà fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí wọ́n tó sọ èyí tí wọ́n rántí. Àǹfààní ọ̀rọ̀ ìparí pòórá. Nítorí náà mo máa ń kọ́kọ́ rán ọmọ tèmi lọ bomi kí n tó bi í.

Ó gba 13 lẹ́yìn náà. Èmi ni mo kọ́ ọ o, kí ẹnikẹ́ni má gbà á lọ́wọ́ mi.

Kí ẹ tó sanwó fún olùkọ́ ilé, ẹ bi ọmọ yín ní ọ̀rọ̀ kan láti àárín ìwé. Páálí wa wà nínú agolo. Àwọn ọmọ àdúgbò ń yá a, wọn ò sì tíì dá wear padà.