Ẹ Pa Tọ́ọ̀ṣì Yín: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Lọ Wo Etí Òkun Grand-Popo

Ó ti sú mi láti máa wo àwọn tó gbéra láti Èkó, tí wọ́n náwó nára títí dé Bouche du Roy, nítòsí Grand-Popo ní ilẹ̀ Benin, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun, tí wọ́n sì padà sílé láìrí ẹyẹ tàbí ìjàpá òkun kankan.

1. Ẹ má lọ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Kí ẹ tó kọjá bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu, oòrùn á ti mú, ẹyẹ á ti sá sí ibòji. Ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní ìdájí.

2. Ẹ ti ṣẹ́ náírà yín sí sẹ́fà kí ẹ tó débẹ̀.

3. Ẹ má wẹ̀ nínú òkun yẹn. Omi ibẹ̀ máa ń fani lọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti iná. Láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejì, ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn lóru. Ọ̀kan lè yé tó ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dún kan, mo mú àlejò mẹ́fà lọ. A dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, a dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀kan jáde nínú ìgbì. Ó fi lẹbẹ wọ́ ara rẹ̀ díẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sinmi, ó tún wọ́. Ó ti sún mọ́ wa gan-an kí ẹnìkan tó tan iná fóònù pé òun fẹ́ ya fọ́tò. Ìjàpá náà dúró. Ó yí padà, ó di inú òkun. A ṣọ́ ọ títí di aago mẹ́ta òru, kò jáde mọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ipa rẹ̀ wà lórí iyanrìn, àlọ àti àbọ̀, kò sí ihò kankan láàárín wọn. Inú mi kò tíì rọ̀ sí ọ̀rọ̀ yẹn.

Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá, ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ni wọ́n ń kọrí sí, ojú òkun ló sì ń mọ́lẹ̀ jù lóru. Ẹni tó tan iná sẹ́yìn wọn ti ṣì wọ́n lọ́nà. Akàn àti oòrùn àárọ̀ ló máa pa wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná yín.

Ẹ má gbọ́kàn lé máàpù fóònù o, nítorí ẹnu odò náà máa ń ṣípò nínú iyanrìn. Atukọ̀ ibẹ̀ ló mọ ibi tó wà lọ́dún yìí.

Ẹ má sì ṣẹ́ igi etí omi, àwọn tí gbòǹgbò wọn ta sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn. Abẹ́ wọn ni ọmọ ẹja ń sá sí. Lọ́dún 2017 ni UNESCO ka gbogbo àgbègbè Mono, ti Benin àti ti Togo, mọ́ ilẹ̀ tó yẹ kí a dáàbò bò.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń se iyọ̀, ẹ kí wọn kí ẹ tó gbé fóònù sókè. Ẹ ra iyọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò lórí iná, á ṣì máa gbóná nínú ọ̀rá.